Kí A Tó San Owó Ilẹ̀: Ohun Tí Máàpù Àtijọ́ Fi Kọ́ Wa

  

Ní ìpàdé gbogbogbòò tó kọjá, ọ̀rọ̀ kan wáyé tí kò yẹ kí a bò mọ́lẹ̀. Àwọn ìyá wa ẹlẹ́ran dìde, wọ́n ní kí ìgbìmọ̀ sọ ìdí tí a kò fi tíì ra ilẹ̀ tí a ti ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ sọ pé, "Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ wọ̀nyí, ẹ jókòó lé owó wa bí adìyẹ tó ń sàba." Gbogbo ilé rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ wá lára. Owó ọdún mẹ́rin ni. Owó àwọn tó ń jí ní aago mẹ́rin ìdájí láti lọ ra ẹran ní Oko-Ọba ni. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti béèrè. Ìdí nìyí tí a fi ní kí a kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe rí gan-an, kí ẹni tó wá sípàdé àti ẹni tí kò wá lè kà á.

BÍ Ọ̀RỌ̀ ṢE BẸ̀RẸ̀

Gbogbo wa la mọ̀ pé bí Iléyá bá ti ń súnmọ́, owó màlúù a máa lé sókè. Àwọn alápatà àti ẹlẹ́ran inú wa wá dá a lábàá pé kí ẹgbẹ́ ní ilẹ̀ tirẹ̀, níbi tí a ó ti máa ra màlúù tó rù, kí a bọ́ ọ títí yóò fi sanra, kí a sì mú un wá sí Èkó nígbà tí ọjà bá dára. Èrò tó dára ni. Ṣùgbọ́n kò sí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní Èkó. Ẹni tó bá ní kí màlúù jẹko ní Ìsàlẹ̀ Èkó, orí kọ́ńkéré ni ẹran náà yóò ti máa wá oúnjẹ kiri.

Ní oṣù kìíní ọdún, alágbàtà kan mú wa lọ sí ẹ̀yìn Abẹ́òkúta. Ilẹ̀ náà tó 60 éékà. Òkè òkúta wà ní apá kan rẹ̀, pápá koríko sì wà ní apá kejì. Ọkùnrin náà ní, "Òkúta lẹ ó tà fún àwọn tó ń kọ́lé, koríko lẹ ó fi bọ́ màlúù. Ilẹ̀ kan, òwò méjì." Ẹ rántí pé ìgbà ọyẹ́ ni. Koríko ibi gbogbo ti gbẹ, ó ti di pípọ́n, ṣùgbọ́n ti ibẹ̀ tutù yọ̀yọ̀ bí ewé ẹ̀fọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ́n omi sí. Inú wa dùn. A san ₦200,000 àsansílẹ̀ kí ó má baà tà á fún ẹlòmíràn. A gba ríṣíìtì. Orin la kọ padà sí Èkó.

Bàbá kan wà nínú ẹgbẹ́ wa tí kò bá wa kọ orin náà. Iṣẹ́ wíwọn ilẹ̀ ni bàbá yìí ṣe títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn awọnlẹ̀, àwọn tí a ń pè ní sáfíyọ̀, ló ti kọ́ iṣẹ́ ní Ọ̀yọ́. Èkó níbí ni wọ́n ti kọ́kọ́ dá ilé ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ ní 1908, kí wọ́n tó wá gbé e kúrò. Bàbá béèrè ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Ṣé ẹ ti wo máàpù ibẹ̀?" A ní, "Bàbá, ojú wa méjèèjì la fi rí ilẹ̀ náà." Bàbá ní, "Ó dáa. Oṣù kìíní lojú yín rí i. Kí ni yóò rí bí ẹ bá débẹ̀ ní oṣù keje?"

A kò rí èsì fọ̀.

OHUN TÍ BÀBÁ TÚ JÁDE NÍNÚ AṢỌ

Ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bàbá gbé nǹkan kan wá sí ọ́fíìsì wa. Aṣọ funfun àtijọ́ ló fi wé e. Nígbà tó tú u, ìwé ńlá kan ni, ó ti pọ́n díẹ̀, etí rẹ̀ ti fàya. Máàpù ni. Ọ́fíìsì ìwọnlẹ̀ ìjọba àpapọ̀ ló tẹ̀ ẹ́ ní àwọn ọdún 1960 sí 1969. Ní àkókò yẹn, fọ́tò tí wọ́n fi ọkọ̀ òfurufú yà láti òkè ni wọ́n fi ń ya irú máàpù bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni àwọn awọnlẹ̀ yóò fi ẹsẹ̀ rìn ilẹ̀ náà, tí wọn yóò béèrè orúkọ abúlé, odò àti òkè lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀.

Kí ọ̀rọ̀ yé wa dáadáa, Bàbá kọ́kọ́ ṣàlàyé pé oríṣi méjì ni ìwé ilẹ̀. Ọ̀kan ni pláànì tí sáfíyọ̀ ń yà fún ẹni tó ra púlọ́ọ̀tì. Ìyẹn ń fi ààlà hàn, ó sì ń sọ iye tí ilẹ̀ náà jẹ́. Èkejì ni irú máàpù tó wà níwájú wa yìí. Kò sọ ẹni tó ni ilẹ̀, kò sì lè ṣe é gbé lọ sílé ẹjọ́ pé òun ni ìwé ilẹ̀ rẹ. Ohun tó ń sọ ni bí ilẹ̀ ṣe rí: ibi tó ga, ibi tó rẹlẹ̀, ibi tí omi ń gbà, ibi tí igbó wà, ibi tí ènìyàn ń gbé. Bàbá ní, "Pláànì ń sọ iye ilẹ̀ tí o rà. Máàpù yìí ń sọ irú ilẹ̀ tí o rà."

Ìwọ̀n máàpù náà ni 1:50,000. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé sẹ̀ǹtímítà méjì lórí ìwé dúró fún kìlómítà kan lórí ilẹ̀. Àwọn máàpù tó ṣáájú rẹ̀ ní ayé àwọn Òyìnbó, ìnǹṣì kan dúró fún nǹkan bíi máìlì kan, tàbí kí ó jẹ́ ìlàjì ìnǹṣì fún máìlì kan. Bí ẹ bá wo ìwé náà, ẹ ó rí àwọn ìlà tínínrín aláwọ̀ ilẹ̀ tó ń yí po bí ìlà ìka ọwọ́. Àwọn ìlà yìí ló ń sọ gíga ilẹ̀. Láti orí ìlà kan sí èkejì, ẹsẹ̀ bàtà 50 ni ilẹ̀ fi gòkè. Níbi tí àwọn ìlà bá ti fún mọ́ra, òkè gọngọ ni. Níbi tí wọ́n bá ti jìnnà síra, ilẹ̀ tẹ́jú. Ìlà aláwọ̀ búlúù tó lọ geere ni odò tí kì í gbẹ. Èyí tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́ ni odò tó ń gbẹ lẹ́ẹ̀rùn. Àmì koríko kéékèèké tí wọ́n fi búlúù yà sábẹ́, akùrọ̀ ni, ilẹ̀ olómi.

Bàbá wá fi ìka tẹ ibi tí ilẹ̀ wa wà. Nǹkan mẹ́ta la rí níbẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni alágbàtà kò sì sọ fún wa.

Èkíní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè òkúta náà, wọ́n kọ "Quarry" síbẹ̀ gbàgàdà. Kúárì ti wà níbẹ̀ láti ayé ìgbà náà. Bí wọ́n bá ti ń fọ́ òkúta ibẹ̀ láti nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, mélòó ló kù tí wọ́n fẹ́ tà fún wa?

Èkejì, pápá tútù tó dùn mọ́ wa nínú, àmì akùrọ̀ ló kún orí rẹ̀. Àṣé omi abẹ́ ilẹ̀ ló jẹ́ kí koríko rẹ̀ tutù nínú ọyẹ́! Ohun tí a rò pé ó jẹ́ ọrọ̀ ilẹ̀ náà gan-an ni àléébù rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, abúlé kan wà níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ rẹ̀, àwọn ilé rẹ̀ jẹ́ àmì dúdú kéékèèké létí odò. Alágbàtà kò mú wa dé abúlé kankan. Ó ní igbó lásán ni gbogbo ibẹ̀.

Ilé dákẹ́ rọ́rọ́. Ọ̀kan nínú wa béèrè pé, "Bàbá, ta ló wá ń fọ́ òkúta nínú igbó láti ayé yẹn?" Bàbá rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin ará Èkó ni. Ẹ̀yin lẹ jẹ òkúta ibẹ̀."

BÍ ÒKÚTA ÀTI MÀLÚÙ ṢE DÉ ÈKÓ

Ẹ gbọ́ ná, ọ̀rọ̀ yìí kàn wá ju bí a ti rò lọ. Iyanrìn ni Èkó jókòó lé. Gbẹ́ ilẹ̀ títí ó fi rẹ̀ ọ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó, o kò ní kan òkúta tí o lè fọ́. Abẹ́òkúta ní tirẹ̀, orúkọ rẹ̀ ti sọ ọ́. Nígbà tí àwọn Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe rélùwéè láti Ìddó ní 1896, ọ̀nà Abẹ́òkúta ló gbà, ó sì wọ Ìbàdàn, tí wọ́n ṣí i ní 1901. Ọdún 1901 yẹn náà ni wọ́n parí afárá Carter tó so Ìddó mọ́ Erékùṣù Èkó.

Ní ìgbà náà, ọkọ̀ ojú omi ńlá kò lè wọ Èkó. Iyanrìn ti dí ẹnu ọ̀sà, omi ibẹ̀ kò jìn, ìgbì sì le. Ọkọ̀ kékeré ni wọ́n fi ń kó ẹrù wọlé, ẹrù mìíràn sì ń gba Forcados yí ká kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn bàbá wa oníṣòwò. Ní nǹkan bí 1908, ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ògiri òkúta wọ inú òkun lọ ní apá méjèèjì ẹnu ọ̀sà, kí omi lè gbẹ́ iyanrìn náà lọ fúnra rẹ̀. Níbo ni òkúta ti wá? Arò, lẹ́bàá Abẹ́òkúta. Rélùwéè ló ń gbé e bọ̀, ọ̀nà nǹkan bí 60 máìlì. Títí di òní, Abẹ́òkúta ní òpópónà tí wọ́n ń pè ní Quarry Road. Ní nǹkan bí 1914, ọkọ̀ ńlá ti ń wọlé. Èrè tí a ń jẹ nídìí èbúté Apápá lónìí, òkúta Ẹ̀gbá wà nínú rẹ̀.

Kò tán síbẹ̀. Ní 1960, ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì bẹ̀rẹ̀ ní Ewékorò lójú ọ̀nà Abẹ́òkúta, nítorí òkúta ẹfun tó wà nílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá kọ́lé sí Súrùlérè tàbí Èbúté Mẹ́tta lẹ́yìn ìgbà náà, ó lè jẹ́ pé ilẹ̀ Ẹ̀gbá ló fi mọ ògiri rẹ̀.

Ti màlúù ńkọ́? Láti Òkè Ọya ni màlúù ti ń wá sí Èkó, bóyá kí wọ́n dà á lẹ́sẹ̀ tàbí kí ó wọ rélùwéè. Ìdí tí a kò fi máa sìn ín lọ́pọ̀ níhìn-ín ni eṣinṣin tsetse tó ń fún màlúù ní àrùn oorun. Ibi òjìji, nínú igbó tó ṣú létí odò, ni eṣinṣin yìí fẹ́ràn. Nítorí náà ni ìjọba fi mú irú màlúù kan tí wọ́n ń pè ní N'Dama, tí orísun rẹ̀ jẹ́ òkè Futa Jallon ní Guinea, wá sí oko ẹran ọ̀sìn ní Fáṣọlá nítòsí Ọ̀yọ́. N'Dama kò ga, ṣùgbọ́n àrùn oorun kì í tètè pa á. Ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn ìgbà náà tún ṣe oko màlúù ní òkè odò Ògùn. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tó wà láàárín Abẹ́òkúta sí Ọ̀yọ́ ṣe di ilẹ̀ òkúta àti ilẹ̀ màlúù. Alágbàtà yẹn kò parọ́ pé òwò méjèèjì wà níbẹ̀. Irọ́ tó pa ni pé wọ́n wà lórí ilẹ̀ tó fẹ́ tà fún wa.

ÈKÓ NÁÀ NÍ MÁÀPÙ TIRẸ̀

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ ará oko ni ọ̀rọ̀ máàpù. Ní 1885, W. T. G. Lawson ya pláànì ìlú Èkó. Bí ẹ bá wo àwọn máàpù Èkó àtijọ́, ẹ ó rí i pé omi wọ inú erékùṣù yìí ju bó ti rí lónìí lọ. Ọ̀sà wà ní Ìdúmàgbò. Omi wà ní Ẹlẹ́gbàta. Wọ́n dí wọn, wọ́n kọ́lé lé wọn. Bí òjò bá rọ̀ lónìí, tí omi bá dúró sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù rẹ tí kò sì fẹ́ lọ, wo máàpù àtijọ́ wò. Bóyá ilé bàbá rẹ̀ ló padà wá.

Àwọn ìdílé mìíràn nínú ẹgbẹ́ wa, orí máàpù nìkan ni agboolé wọn kù sí. Lẹ́yìn tí àjàkálẹ̀ àrùn eku bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó ní 1924, ìjọba dá LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe. Ní 1955 ni ètò ńlá bẹ̀rẹ̀ láti wó nǹkan bí 70 éékà láàárín gbùngbùn Èkó. Ọ̀pọ̀ ìdílé kó lọ sí Súrùlérè. Ẹni tó bá ń wá ibi tí ìyá ìyá rẹ̀ ti ń ta aṣọ, tí ó rìn títí ní òpópónà Nnamdi Azikiwe, kò ní rí i. Àfi kó wo máàpù tó ṣáájú 1955.

Ẹ má sì gbàgbé Herbert Macaulay. Gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n sí olóṣèlú, ṣùgbọ́n awọnlẹ̀ ni. Ìlú Òyìnbó ló ti kọ́ iṣẹ́ náà láti 1890 sí 1893. Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Apápá lọ́wọ́ Olóyè Olúwa, òun ló bá olóyè náà lọ sí Lọ́ńdọ̀nù. Ní 1921, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní ilẹ̀ ọba Òyìnbó sọ pé àwọn ará ìlú ló ni ilẹ̀, ìjọba sì gbọ́dọ̀ san owó rẹ̀. £22,500 ni wọ́n san nígbẹ̀yìn. Ọkùnrin tó mọ bí a ṣe ń wọn ilẹ̀ ni kò jẹ́ kí wọ́n fi ìwọ̀n rẹ́ olóyè jẹ.

A PADÀ LỌ NÍ OṢÙ KEJE

A kò fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ìwé nìkan dá alágbàtà lẹ́bi. Ní oṣù keje, àwa mẹ́rin nínú ìgbìmọ̀, pẹ̀lú Bàbá àti ìyá ẹlẹ́ran kan, wọ ọkọ̀ lọ sí ibẹ̀ láìsọ fún alágbàtà. Bàbá gbé máàpù rẹ̀ sí àyà bí ọmọ ọwọ́.

Òkè òkúta yẹn ṣì dúró. Bí ènìyàn bá wò ó láti ojú títì, odindi ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí a yí i ká dé ẹ̀yìn, ó dà bíi búrẹ́dì tí wọ́n ti gé ju ìlàjì rẹ̀ lọ. Wọ́n ti kó òkúta rẹ̀ lọ láti ayébáyé. Kòtò ńlá ló kù, omi sì kún inú rẹ̀ dúdú mìnìmìnì. Ọmọdé kan tó ń da ewúrẹ́ kígbe sí wa pé, "Ẹ má súnmọ́ ọn o! Màlúù ti kó sí i rí!"

Pápá wa ńkọ́? Omi dé orúnkún. Màlúù tó bá dúró nínú irú ẹrẹ̀ bẹ́ẹ̀, pátákò rẹ̀ yóò máa jẹrà. Ìgbín kéékèèké inú omi bẹ́ẹ̀ sì máa ń gbé aràn pẹlẹbẹ tó ń jẹ ẹ̀dọ̀ màlúù. Ìyá ẹlẹ́ran tó bá wa lọ pàtẹ́wọ́ lé ara wọn. Ó ní, "Háà! Mo mọ aràn yẹn. Bí a bá la ẹ̀dọ̀, òun ni yóò máa jáde bí ewé. Àwọn tó ń yẹ ẹran wò kì í jẹ́ kí a tà á." Ìyá yìí gan-an ló fi wá wé adìyẹ tó ń sàba. Lọ́jọ́ náà, ó ní kí adìyẹ náà ṣì máa sàba lọ.

A wá abúlé tó wà lórí máàpù lọ. Ó wà níbẹ̀. Baálẹ̀ gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún wa ní omi àti obì. Nígbà tí a sọ ohun tó gbé wa wá, ó mi orí. Ó ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, a ò ta ilẹ̀ o. Ẹni tó mú yín wá, ọmọ wa ni lọ́dọ̀ ìyá. Kò bi wá, ẹbí kò sì rán an. Ẹ̀yin sì ni ìkẹta tó máa wá láàárín ọdún méjì." Àwọn tó ṣáájú wa ti san owó tán kí wọ́n tó débẹ̀.

Nípa àsansílẹ̀ tiwa, a kò ní fi pamọ́ fún yín. Láti ọjọ́ tí a ti béèrè rẹ̀ ni fóònù alágbàtà kò ti lọ mọ́. ₦200,000 náà wà nínú ìwé ìṣirò owó bí gbèsè tí a ń lé. Ṣùgbọ́n àwa ìgbìmọ̀ la san án láìbéèrè, kì í ṣe ẹ̀yin. A ti fẹnu kò pé owó ìjókòó wa la ó fi dí i títí yóò fi pé, bí alágbàtà bá rí i san, bí kò sì rí i san.

IBI TÍ MÁÀPÙ KÒ MỌ̀

Kí a má baà gba ọ̀rọ̀ Bàbá ní àgbàjù, Bàbá fúnra rẹ̀ kìlọ̀ fún wa. Máàpù àtijọ́ jẹ́ ẹlẹ́rìí tòótọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tó ti sùn, kò mọ̀ ọ́n. Máàpù ọdún 1960 sí 1969 kò mọ̀ pé Ìpínlẹ̀ Ògùn wà, nítorí 1976 ni wọ́n dá a sílẹ̀. Kò mọ ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Kò mọ òfin ilẹ̀ 1978 tó fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ àbójútó gómìnà. Èyí tó tóbi jù ni ìdídò odò Ọ̀yán tí wọ́n ṣí ní 1983, tí Abẹ́òkúta àti Èkó ń mu omi rẹ̀. Adágún rẹ̀ tó nǹkan bí 4,000 hẹ́kítà. Lórí máàpù Bàbá, odò àti ilẹ̀ gbígbẹ lásán ló wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fi irú máàpù bẹ́ẹ̀ nìkan ra oko ní agbègbè yẹn, inú omi ni yóò ti gbìn ín.

Ènìyàn tún máa ń yí ilẹ̀ padà láìmọ̀. Ògiri òkúta ẹnu ọ̀sà tí a sọ lẹ́ẹ̀kan, bó ti la ọ̀nà fún ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ló dá iyanrìn tí òkun ń gbé lọ sí ìlà oòrùn dúró. Iyanrìn wá pọ̀ sí i ní apá ìwọ̀ oòrùn, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ Bar Beach ní apá kejì nígbà náà. Ó jẹ ẹ́ wọlé ju kìlómítà kan lọ. Bí a bá gbé máàpù ayé àtijọ́ lé ti òde òní lórí, a ó rí ibi tí ilẹ̀ wà tẹ́lẹ̀ tí omi gbà. Ìdí nìyí tí kì í fi í ṣe máàpù kan ṣoṣo la ó wò. Ti àtijọ́ àti ti òní, ká fi wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ká wo ohun tó yí padà láàárín wọn.

OHUN TÍ A FẸNU KÒ LÉ LÓRÍ

Láti ìsinsìnyí lọ, ẹgbẹ́ wa kò ní san kọ́bọ̀ lórí ilẹ̀ kankan láìṣe àwọn nǹkan wọ̀nyí. Bí ẹ bá ń ra ilẹ̀ tiyín náà, ẹ lò wọ́n.

Èkíní, a ó wá máàpù àtijọ́ ibẹ̀. Ọ́fíìsì awọnlẹ̀ àgbà ìjọba àpapọ̀ àti ti ìpínlẹ̀ ni a ó ti béèrè. Ilé ìkówèépamọ́ ti ìjọba tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn náà jẹ́ ibi tó yẹ ká wò. Ọdún tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ wà ní ìsàlẹ̀ ìwé. Ìyẹn ni kí ẹ kọ́kọ́ kà.

Èkejì, a ó wo ilẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀kan nínú ẹ̀ẹ̀rùn àti lẹ́ẹ̀kan nínú òjò. Ẹni tí kò bá lè dúró de òjò, kó má ra ilẹ̀ màlúù.

Ẹ̀kẹta, abúlé tó bá wà lórí máàpù, a ó dé ibẹ̀, a ó kí baálẹ̀ àti àwọn olórí ẹbí kí a tó gbọ́ iye owó.

Ẹ̀kẹrin, a ó gba sáfíyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ. Òun ni yóò gbé ìwọ̀n ilẹ̀ náà lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀, kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún, ẹni tó bá ní òun fẹ́ ta òkúta fún wa, a ó bi í léèrè ìwé àṣẹ rẹ̀. Òfin ìwakùsà 2007 ti sọ pé ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun àlùmọ́nì inú ilẹ̀. Bí o tilẹ̀ ra ilẹ̀, o kò lè fọ́ òkúta rẹ̀ tà láìgba àṣẹ kúárì.

Ní báyìí, owó yín pé, yàtọ̀ sí àsansílẹ̀ tí a ti ṣàlàyé. Ìgbìmọ̀ ń wo ilẹ̀ méjì mìíràn. Ọ̀kan nínú wọn ga díẹ̀ kúrò létí odò, ìlà gíga rẹ̀ lórí máàpù sì jìnnà síra. Kò tutù nínú ẹ̀ẹ̀rùn bí ti àkọ́kọ́, ojú kò sì ní tètè fẹ́ràn rẹ̀. Àwọn ìyá ẹlẹ́ran ti yan ẹni méjì láàárín ara wọn tí yóò máa bá wa lọ wò ó. A ó mú èsì wá sí ìpàdé kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ sí ìwé owó.

Bàbá ti fún ẹgbẹ́ ní máàpù rẹ̀. A ti fi gíláàsì bò ó, a gbé e kọ́ sára ògiri ọ́fíìsì. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń kà á, kí ó wá ní ọjọ́ Sátidé àkọ́kọ́ nínú oṣù, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Bàbá yóò wà níbẹ̀. Ẹ mú awò ojú yín dání o, àwọn orúkọ ibẹ̀ kéré.

Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Ọjà á tà, èrè á pọ̀.

Akọ̀wé, fún ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́